Dónọ́ọ̀tì Inú Agolo: Òróró Ló Ni Iṣẹ́ Tó Kù

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, tó gba ọ̀dọ̀ àwọn fíríìjì tí wọ́n kó bọ́tà, wàrà àti ẹyin sí kọjá, yóò rí agolo gbọọrọ kan níbẹ̀. Páálí ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ló dí i lórí àti nídìí. Fúláwà tí wọ́n ti pò, tí wọ́n sì ti gé sí róbótó-róbótó, ló wà nínú rẹ̀. Biscuit ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe bísíkíìtì gbígbẹ tí ọmọdé ń rún lẹ́nu. Búrẹ́dì kékeré tó rọ̀ ni, tí wọn kì í fi yíìsì ṣe, tí àwọn ará ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè náà, bíi Kentucky, Georgia àti Tennessee, ń jẹ láàárọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ funfun tàbí adìẹ díndín. Inú ófùnù ni àwọn tó ṣe agolo náà ní kí ẹ tò ó sí. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá ilé níbẹ̀ ti ń lu ihò sí i láàárín, tí wọ́n ń jù ú sínú òróró gbígbóná, tí wọ́n sì ń pe ohun tó bá jáde ní dónọ́ọ̀tì. Wọn ò purọ́.

Àwọn kan máa ń yọ ṣùtì sí i pé oúnjẹ ọ̀lẹ ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ dónọ́ọ̀tì pín sí: ti fúláwà wà, ti òróró sì wà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe agolo ti bá yín ṣe ti àkọ́kọ́: wọ́n ti wọn iyọ̀, wọ́n ti pò ó, wọ́n ti gé e dọ́gba-dọ́gba. Ti ìkejì ò ṣeé rà lọ́jà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada alákàrà fi lè fi agolo yìí ṣe dónọ́ọ̀tì tó dùn ju ti ẹni tó ti ka ìwé ìdáná títí lọ. Ó ti mọ ojú òróró.

Oníbúrẹ́dì kan ní ìlú Louisville, ní Kentucky, Lively Willoughby, ló wá ọ̀nà tí fúláwà pípò á fi lè pẹ́ nínú òtútù láìbàjẹ́. Ní 1931 ló gba ìwé àṣẹ pé òun lòun ni ọgbọ́n náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ń bẹ́ gbàmù-gbàmù, tí fúláwà ń fò lọ lẹ̀ mọ́ àjà ilé. Ballard & Ballard, ilé iṣẹ́ ọlọ́fúláwà ní Louisville kan náà, ló gba iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Nígbà tó di 1951, Pillsbury ti ìlú Minneapolis ra Ballard tòun ti agolo. Ọmọlangidi funfun oníkùn ròbòtò tó máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ níkùn nínú ìpolówó tẹlifíṣàn, 1965 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti fi polówó fúláwà inú agolo yìí. Ọmọdé tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà mọ ọmọlangidi yẹn ju gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń mú kí agolo náà ró pòò nígbà tí ẹ bá ṣí i, òun náà ló ń mú kí dónọ́ọ̀tì wú. Wọ́n po sódà ìdáná àti oríṣi ásíìdì kan tí kì í yára ṣiṣẹ́ mọ́ fúláwà náà. Tí méjèèjì bá ti bá omi pàdé, wọ́n á máa tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn á sì máa gbé fúláwà dìde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti jáde kí agolo tó dé ọ̀dọ̀ yín: fúláwà wú títí ó fi kún inú agolo fọ́fọ́, ó ti afẹ́fẹ́ síta, ó sì fi ara rẹ̀ dí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ gbà jáde. Láti ìgbà náà ló ti há mọ́ ibẹ̀, tó ń fi agbára ti ara agolo. Òtútù ló dá ìyókù ásíìdì náà dúró. Ooru ló máa jí i.

Ẹni tó bá mọ èyí ò nílò kí wọ́n máa ka òfin fún un. Kò ní gbé agolo sórí tábìlì láàárọ̀ kó wá dín in lọ́sàn-án, nítorí gáàsì tó yẹ kó jáde nínú òróró á ti jáde sórí tábìlì, dónọ́ọ̀tì á sì ki, á le. Kò ní gbé e sínú òtútù tó ń dì, torí omi inú fúláwà á dì, yóò fẹ̀, agolo lè bẹ́ sórí ẹran àti ẹja. Á wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, torí agolo tó ti pẹ́ jù ti tú gáàsì rẹ̀ dànù, fúláwà inú rẹ̀ á sì ti ṣú. Èyí tí irin ìdí rẹ̀ bá ti wú síta, ẹ má ṣí i rárá, ẹ sọ ọ́ nù. Ìgbà tí òróró bá ti ń gbóná lọ́wọ́ ni kí ẹ tó yọ èyí tó dáa nínú fíríìjì. Bó ṣe tutù tó yẹn, ó rọrùn láti gé, kì í sì í lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Ṣíṣí i gan-an tó ìran wò. Ẹ ya bébà ara rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì á bẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ya á tán. Tí kò bá bẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ojú ìlà tí páálí ti pàdé. Ẹ má gbé ojú sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tó bá ti kan òróró ni kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé ìdí rẹ̀. Kí wọ́n má sì tọ́ fúláwà tútù náà wò. Fúláwà tí kò tíì rí iná lè ní kòkòrò àrùn nínú.

Oríṣi agolo pọ̀, gbogbo wọn kọ́ ló sì dáa fún òróró. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe ní ìpele-ìpele, tí ọ̀rá wà láàárín ìpele kan sí ìkejì, kó lè máa ṣí bí ìwé nínú ófùnù. Nínú òróró, àwọn ìpele yẹn á ya kúrò lára wọn, òróró á sì wọ àárín wọn. Èyí tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí kò ní ìpele, ni kí ẹ mú. Lórí ọ̀pọ̀ agolo ẹ ó rí i pé wọ́n kọ homestyle tàbí buttermilk. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Agolo ńlá tó jẹ́ gíráàmù 462 máa ń ní ẹyọ mẹ́jọ tó tóbi, òun ló yẹ fún dónọ́ọ̀tì oníhò. Kékeré tó jẹ́ gíráàmù 212 máa ń ní ẹyọ mẹ́wàá, ẹ lè gé ìyẹn sí méjì-méjì kí ẹ sì yí i róbótó.

Ní ti ihò, atukọ̀ ará ìpínlẹ̀ Maine kan, Hanson Gregory, sọ nígbà tó di arúgbó pé òun lòun kọ́kọ́ lù ú, nínú ọkọ̀ òkun ní 1847, torí pé àárín dónọ́ọ̀tì ayé ìgbà náà kì í jinná. Yálà òun ni àbí òun kọ́, ìdí tó sọ yẹn ò ṣeé jà níyàn. Ẹ̀yìn ni ooru ti ń wọlé, àárín ló máa ń dé kẹ́yìn. Ẹyọ fúláwà inú agolo nípọn débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúdú kí àárín tó gbóná. Ihò ló ń yanjú ọ̀ràn náà, torí ooru á rí ọ̀nà gbà wọ àárín náà lọ tààrà. Ìdérí ìgò omi tó mọ́ ti tó fi lù ú. Ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹyọ náà kó lè pẹlẹbẹ díẹ̀, kí ẹ tó tẹ ìdérí mọ́ àárín rẹ̀, kí ẹ sì yí i. Tó bá fẹ́ lẹ̀, ẹ bu fúláwà gbígbẹ díẹ̀ sọ́wọ́. Díẹ̀ ni mo wí, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ á já sínú òróró, á jóná, á sì sọ òróró náà di dúdú. Àwọn ọmọ inú ihò tí ẹ yọ, ẹ má po wọ́n padà. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dín wọn gbẹ̀yìn. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tán.

Òróró ló wá kù.

Èyí tí kò ní òórùn tirẹ̀ ló dáa jù: ti canola, ti àgbàdo tàbí ti sóyà. Òróró ẹ̀pà ń dín nǹkan dáadáa, àmọ́ ọmọ tí ẹ̀pà ń bá jà pọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ìjà náà sì lè la ẹ̀mí lọ. Tí ẹ bá fi òróró ẹ̀pà dín in, ẹ má gbé e lọ sí iléèwé tàbí ilé ẹlòmíì láìsọ. Epo pupa ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé ọ̀dọ̀ àkàrà. Ìkòkò tó jinlẹ̀, tí ìdí rẹ̀ nípọn, sàn ju páànù pẹlẹbẹ lọ, torí ó máa ń di ooru mú, òróró kì í sì í ta jáde jù. Ẹ da òróró sí i kó ga tó bí ìka mẹ́ta, kí dónọ́ọ̀tì lè léfòó láìfi ìdí kan ìkòkò. Kó má sì kọjá ìdajì ìkòkò.

Ooru tí ẹ ń wá jẹ́ 175 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó jẹ́ nǹkan bíi 350 lórí Fahrenheit tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Tẹmómítà ìdáná ò wọ́n, ó sì tó rà. Ẹni tí kò bá ní, kó ṣe bí alákàrà. Alákàrà á ju àlùbọ́sà sínú epo: tí àlùbọ́sà bá jókòó jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, epo ò tíì gbóná, tó bá ń hó yí ká tó sì ń léfòó bọ̀, ó ti tó, tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ó ti kọjá. Ẹ̀kọ́ yẹn pé, ohun tó yẹ ká pààrọ̀ ni àlùbọ́sà, torí òórùn rẹ̀ á kù sínú òróró. Ó bá àkàrà mu, kò bá ṣúgà mu. Ẹ já fúláwà tó tó orí ìka níbi ọmọ inú ihò, kí ẹ fi dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Omi wà nínú fúláwà pípò. Bó ṣe kan òróró gbígbóná báyìí, omi tó wà lára rẹ̀ di ooru omi, ó sì ń sá jáde. Òun lẹ̀ ń rí bí ìfófòó, òun náà lẹ̀ ń gbọ́ tó ń ké ṣàà. Níwọ̀n ìgbà tí ooru omi bá ń jáde tagbára-tagbára, òróró ò lè ráyè wọlé. Láàárín ìgbà náà, ara rẹ̀ á gbẹ, á sì di èèpo. Tí òróró bá tutù, ooru omi ò ní lágbára, èèpo ò ní tètè dì, dónọ́ọ̀tì á pẹ́ nínú òróró, á sì mu ún yó. Ìdí rèé tí èyí tí wọ́n fi ìbẹ̀rù dín lórí iná kékeré fi máa ń rin ọwọ́ àti aṣọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná kékeré ni kò léwu fún oúnjẹ. Nínú òróró, òdìkejì rẹ̀ ni.

Tí òróró bá sì gbóná jù, èèpo á dì kí àárín tó mọ ohun tó ń lọ. Ẹ ó yọ ọ́ bí ó ti pupa rẹ́súrẹ́sú tó wu ojú, ẹ ó gé e jẹ, ẹ ó bá fúláwà tútù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ dín, kí ẹ ya á sí méjì, kí ẹ wò ó. Tí àárín bá ṣì tutù, ẹ rẹ iná sílẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró kí ooru òróró lọ sílẹ̀, kí ẹ tó ju ìyókù sí i.

Ẹ má kó wọn sínú ìkòkò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta ti tó. Fúláwà tó jáde láti inú fíríìjì tutù, bí ẹ bá ju mẹ́fà sí i papọ̀, wọ́n á fa ooru òróró wálẹ̀, ẹ ó sì padà síbi òróró tútù tí a ń sá fún. Gáàsì inú fúláwà yìí kì í falẹ̀ tó bá ti rí ooru. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wú, ó sì ti léfòó. Ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni apá kan máa lò. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ti pọ́n, ẹ fi ṣíbí oníhò yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó ìpín kan jáde, ẹ ní sùúrù kí ooru òróró padà sípò kí èyí tó kàn tó wọlé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: kì í ṣe inú ìkòkò ni òróró ti ń wọ inú dónọ́ọ̀tì jù. Ìgbà tí ẹ bá ti yọ ọ́ jáde ni. Bó ṣe ń tutù, ooru omi tó kù nínú rẹ̀ á di omi padà, àyè á ṣí sílẹ̀, àyè yẹn á sì fa òróró tó wà lára èèpo wọlé. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yìí ṣe kókó. Ẹ gbọn òróró ara rẹ̀ dànù lórí ìkòkò, kí ẹ tò ó sórí irin oníhò tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń kó wọn lé ara wọn lórí bébà ń jẹ́ kí wọ́n jókòó sínú òróró tí wọ́n ti sun sílẹ̀ ni.

Ní ti ṣúgà, ẹ rántí pé búrẹ́dì àárọ̀ ni wọ́n ṣe fúláwà yìí fún. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní adùn ṣúgà, iyọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń jáde lẹ́nu. Ohun tí ẹ bá fi bo ara rẹ̀ ló sọ ọ́ di dónọ́ọ̀tì. Ẹ lè po ṣúgà lẹ́búlẹ́bú kọ́ọ̀pù méjì pọ̀ mọ́ wàrà ṣíbí mẹ́ta àti fàńílà díẹ̀, kó ki débi pé á máa rọra já bọ́ láti ojú ṣíbí, kí ẹ wá rì í bọ̀ ọ́ nígbà tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Tó bá ṣì gbóná jù, gbogbo rẹ̀ á yọ́ ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, ṣúgà gbígbẹ tí a po sínámónì mọ́ ni mo máa mú. Inú àpò bébà ni ẹ ó dà á sí, ẹ ó sọ dónọ́ọ̀tì gbígbóná sí i, ẹ ó mì ín. Kóró ṣúgà tó ń ró lẹ́nu bá iyọ̀ inú rẹ̀ mu ju omi ṣúgà lọ. Kó gbóná nígbà tí ẹ ń ṣe é o. Tí èèpo bá ti gbẹ tán, ṣúgà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ lè ti jẹ ẹ́ rí láìmọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn ti ń sanwó lẹ́ẹ̀kan tó sì ń bù jẹ títí á fi yó, abọ́ kan máa ń wà ní ìparí tó kún fún nǹkan róbótó tí wọ́n yí nínú ṣúgà. Ọmọ Nàìjíríà tó bá dé ibẹ̀ á ní, "Puff-puff rèé!" Púpọ̀ nínú wọn, inú agolo kan náà yìí ni wọ́n ti jáde. Ẹnu tó mọ puff-puff dáadáa á mọ̀ pé ó ku nǹkan kan. Yíìsì ló ń gbé puff-puff sókè, yíìsì sì ń gba àkókò. Àkókò yẹn ló ń fún un ní òórùn àti adùn kíkan díẹ̀díẹ̀, tó sì ń jẹ́ kó máa fà lẹ́nu. Èyí tó ti inú agolo jáde kì í fà, ṣe ló máa ń rún. Bákan náà ni kò lè dà bíi dónọ́ọ̀tì Krispy Kreme, tí wọ́n ti ń tà láti 1937 ní Winston-Salem, torí ti yíìsì nìyẹn náà. Tó bá jẹ́ ti yíìsì lẹ fẹ́, tí ẹ ò sì fẹ́ po nǹkan kan, ẹ kọjá sí ìdí àwọn ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì. Wọ́n ń ta fúláwà búrẹ́dì dídì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sun inú fíríìjì mọ́jú kó lè yọ́, ẹ gé e, ẹ lu ihò sí i, ẹ dá a dúró nínú ilé tó gbóná títí á fi wú di ìlọ́po méjì, kí ẹ tó dín in. Agolo ò béèrè sùúrù yẹn lọ́wọ́ yín, ìdí tí àwọn òbí fi fẹ́ràn rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé nìyẹn.

Ṣé a lè fi air fryer ṣe é? A lè ṣe é. Ohun tó máa jáde ni búrẹ́dì oníhò. Ó dáa fún ara, ẹ pa á ní bọ́tà kí ṣúgà lè lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má kàn pè é ní dónọ́ọ̀tì létí mi.

Iná ilé ìdáná ló ń dá iná ilé sílẹ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tó sì ń pọ̀ jù lọ́dún ni Thanksgiving, Ọjọ́ Ìdúpẹ́ inú oṣù kọkànlá. Ẹ má fi òróró sílẹ̀ lórí iná kí ẹ lọ gbé fóònù. Tó bá ti ń rú èéfín, ẹ pa iná. Bó bá gbiná, ẹ fi ọmọrí ìkòkò bò ó, ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbì kankan, ẹ má sì bu omi sí i láé. Omi á di ooru omi lábẹ́ òróró náà, á sì tú iná náà ká gbogbo ilé. Kí ọmọrí náà wà nítòsí kí ẹ tó tan iná.

Òróró tó kù, tó bá ti tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ ṣì lè lò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i, títí á fi ṣú tàbí tó bá ń yọ ìfófòó. Ẹ má dà á sójú ọ̀nà omi ilé ìdáná, torí á dì síbẹ̀, owó ẹni tó máa wá tún páìpù ṣe sì ju owó agolo lọ dáadáa. Dónọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kì í di ọjọ́ kejì kó dára. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló ti ń gbẹ.

Àsè wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Agolo ńlá kan, dónọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Tí àlejò ọgọ́rùn-ún bá wá síbi ìsọmọlórúkọ ní Houston, tí kálukú wọn jẹ méjì, agolo 25 nìyẹn. Fíríìjì tí wọ́n ti kó adìẹ àti ẹran àsè sí ò ní gbà á. Ẹni tó bá sì ń dín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó kọ́kọ́ yọ á ti le kí èyí tó kẹ́yìn tó wọ òróró. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ra àpò fúláwà àti yíìsì, ẹ po puff-puff sínú báàfù ńlá ní kùtùkùtù, kí ẹ sì pe àwọn àbúrò yín méjì tó mọ ojú òróró wá sídìí ìkòkò.